Àtùpà Ẹnu Ọ̀nà àti Ilé Tí A Wá Fún Un

Ọmọ mi àtàtà, ìyá mi,

Bí ìwé yìí ṣe ń tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí ara rẹ le bí òkúta odò, kí iṣẹ́ má sú ọ, kí ìwọ náà má sì sú ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́. A wà dáadáa níbí. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára, èmi náà sì ti mọ́ ọn lára. Ìyá rẹ kí ọ títí. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun, mo sì ti bi ọ́ báyìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ ti kó lọ sí yàrá tó fẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òrùlé ibẹ̀ ń jò, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ń jò kọ́ ni òun ń sùn sí.

Ọ̀rọ̀ tí o ní kí n fèsì sí nìyí. O ní kí ẹgbẹ́ wa yan ibi tí a ó máa gbé lórí ayélujára, kí n sì sọ fún ọ bó bá ṣe lọ. Ó lọ jìnnà, nítorí náà bomi mu kí o tó kà á.

Ìwọ náà mọ̀ pé àtùpà ẹnu ọ̀nà ló kó wa jọ. Onírédíò tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ló kọ́kọ́ ṣe é fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí etí rẹ̀ di: bí ènìyàn bá ti kan ilẹ̀kùn, iná pupa kan á máa ṣẹ́jú nínú yàrá, ẹni tí kò gbọ́ á sì rí i. Jórinjórin ló ṣe àpótí irin rẹ̀, èmi sì rán ìgbànú fún kékeré rẹ̀ tí ènìyàn lè so mọ́ apá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò pé a ò ní ta ìmọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀, kí ó wo àwòrán wa kí ó ṣe é, bó bá sì tún un ṣe tó dára ju tiwa lọ, kí ó fi hàn wá. Ìgbà yẹn lo sọ fún wa pé irú wa pọ̀ káàkiri ayé, àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ tí wọn kì í fi àwòrán rẹ̀ pamọ́. Inú onírédíò dùn débi pé ó gbé rédíò ẹlòmíràn fún oníbàárà kan, oníbàárà náà sì gbé e lọ.

Inú ilé ìtàkùrọ̀sọ orí fóònù ni àwòrán náà wà tẹ́lẹ̀. O ní ibẹ̀ kò dára, pé ohun tí a bá jù síbẹ̀ a máa rì. Mo rò pé àwàdà ni, àfi ìgbà tí mo wá a. Mo fi àtàǹpàkò fa ojú fóònù láti ìgbà tí mo parí ọrùn ẹ̀wù kan títí tí ẹni tó ni ẹ̀wù fi dé, àdúrà òwúrọ̀ àti fọ́tò ọmọ tuntun nìkan ni mo rí. Mo ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, nítorí kò dára kí ènìyàn kọjá lára àdúrà láìdáhùn.

Ibi mẹ́ta tí o wá fi ránṣẹ́, a yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni ń wá ilé gbé. Àkọ́kọ́ ni èyí tó dà bí ọjà, tí oníkálukú ń gbé fọ́tò ara rẹ̀ kọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Mo bi onírédíò pé irú onílé wo ni kì í gba owó ilé, ó ní wọ́n ń wo ohun tí ènìyàn ń wò, wọ́n á sì lọ tà á fún àwọn oníṣòwò. Mo fa kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kì í ṣe irú wíwò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì ṣí i padà.

Èkejì ni ilé ńlá tí wọ́n kọ́ fún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ bíi tiwa. Gbogbo nǹkan ló wà létòlétò níbẹ̀, àwòrán níbi àwòrán, ọ̀rọ̀ wáyà níbi ọ̀rọ̀ wáyà. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó gba ohunkóhun, ó ní kó wọlé. Mo bọ́ bàtà. Ó ní kí n mú ọ̀rọ̀ àṣírí wá, mo kọ orúkọ ìyá rẹ, ó ní kò lágbára. Má sọ ìyẹn fún ìyá rẹ. Mo wá kọ ọ̀rọ̀ tí bàbá mi máa ń sọ bí àáké bá bọ́ lu ẹsẹ̀ rẹ̀, èyí tí a kì í sọ níwájú ọmọdé, ó ní ìyẹn náà kò lágbára tó, pé kí n fi nọ́ńbà kún un. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá ẹ̀rọ kọ́ ni mí. Mo jókòó, mo rò ó dáadáa, mo sì fẹ́ kọ̀wé sí i pé ènìyàn ni mí, bàbá ọlọ́mọ, télọ̀, pé kó béèrè mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò. Onírédíò ní kí n ṣáà fọwọ́ kan àpótí kékeré ibẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án, ó gbà. Ó yà mí lẹ́nu pé ìka kan ṣoṣo tó ẹ̀rí.

Ẹ̀kẹta ni kí a gba ilẹ̀ tiwa, kí a sọ ọ́ lórúkọ, kí a máa san owó rẹ̀ lọ́dọọdún, kí ẹnì kan sì máa tọ́jú rẹ̀. O ní inú ìkùukùu ni ẹrù wa á wà. Mo bi ọ́ lórí fóònù pé bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé tí ìkùukùu kò sí lójú ọ̀run ńkọ́. O rẹ́rìn-ín, o ò sì dáhùn. Mo ṣì ń retí èsì.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Jórinjórin ní ọjà ni ká lọ, pé ibi tí èrò bá wà là ń pàtẹ sí, àti pé ẹni tó bá rí àpótí irin òun lè fẹ́ ṣe géètì. Onírédíò ní ilẹ̀ tiwa ni, nítorí ọjọ́ tó bá wu onílé ló ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Jórinjórin bi í pé ta ni yóò máa tọ́jú ilẹ̀ náà, ṣé òun onírédíò tí aláǹtakùn ti gba ìdajì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni. Onírédíò ní ó ti yé òun, ìyìn ni ẹnì kan ń wá, kì í ṣe ìrọ̀rùn ẹni tí kò gbọ́ràn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ jórinjórin lára. Ó gbé àpótí irin tó wà lórí tábìlì mi, ó há a sí abíyá, ó lọ. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé lójú títì, ọ̀kan á máa wo wáyà iná, èkejì á máa wo gọ́tà. Èmi ń rán aṣọ mi.

Ó pẹ́ díẹ̀ sí i, ní àárọ̀ kan tí òjò ń ṣẹ́, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, òun àti bàbá arúgbó kan. Ó ní òun ń ṣe búrẹ́dì ní ìlú kejì sí wa, pé ẹnu ni òun fi béèrè ọ̀nà dé ibí, òun ń wá àwọn tó ń ṣe àtùpà ẹnu ọ̀nà. Mo fún bàbá ní àga, mo ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì, n kò sì jẹ́ kí ọ̀kan mọ̀ pé èkejì ń bọ̀.

Ìyá oníbúrẹ́dì ní bàbá òun kò gbọ́ràn mọ́, pé inú ilé ló máa ń wà bí òun bá lọ sídìí ààrò. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ìkòkò kaná, ó jókòó sí yàrá, ó ń hun apẹ̀rẹ̀, ìkòkò gbẹ, ilé ìdáná gbaná. Àwọn aládùúgbò ń lu ilẹ̀kùn, bàbá ń hun apẹ̀rẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n já ilẹ̀kùn. Ó yè é, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò jẹ́ dá wà nínú ilé mọ́, ẹ̀gbẹ́ ààrò ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, ooru sì fẹ́ pa á.

Ó ní òun wá àwòrán wa títí. Onírédíò ti gbé e sínú ilé ńlá yẹn láti fi dán an wò. Obìnrin náà dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n ní àwọn ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ àtijọ́, fóònù náà sì ti sọnù, ni wọ́n bá ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ó wá tọrọ àyè nínú ilé ìtàkùrọ̀sọ wa, ó tọrọ ọ́ léraléra, aṣọ́nà kò ṣílẹ̀kùn fún un.

Jórinjórin ni aṣọ́nà. Ó wolẹ̀. Ó ní fọ́tò búrẹ́dì ló wà lára orúkọ rẹ̀, òun rò pé ó fẹ́ wá polówó búrẹ́dì ni. Obìnrin náà ní búrẹ́dì ni lóòótọ́, òun lòun ṣe é. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá arúgbó tí kò gbọ́ nǹkan kan ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá bi ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ròkè bí ti ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀, pé ṣé torí òun ni àwọn èèyàn wọ̀nyí fi ń jà, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kí àwọn máa lọ sílé.

Jórinjórin dìde, ó bọ́ sínú òjò. Mo rò pé ó ti lọ nìyẹn. Nígbà tí yóò padà, àpótí irin wà lábíyá rẹ̀. Ó gbé e síwájú onírédíò, ó ní apá òsì ni ihò wáyà wà. Onírédíò ní òun ti rí i. Wọn ò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì ló fọwọ́ ara rẹ̀ jó àwọn wáyà náà pọ̀, onírédíò ń júwe fún un, kó lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ bó bá bàjẹ́.

Nígbà tí wọ́n ti gbé àtùpà wọn lọ, jórinjórin ní kí a gbé àwòrán náà síbi tí òun gan-an kò ti ní lè dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí a yàn nìyẹn. Ilẹ̀ tiwa ni, kò sí wọlé, kò sí ọ̀rọ̀ àṣírí, a ò sì ní bi ẹnikẹ́ni bóyá ẹ̀rọ ni. Bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe tirẹ̀, kó ṣe é. A ó fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ nínú ilé ńlá fún àwọn tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ilé ìtàkùrọ̀sọ wà fún àdúrà àti ọmọ tuntun. Jórinjórin ń gbé fọ́tò géètì rẹ̀ lọ sí ọjà, ìyẹn kò kan ẹgbẹ́.

Ìyá oníbúrẹ́dì ti fi àwòrán tó ń rìn ránṣẹ́. Bàbá jókòó nínú ilé tirẹ̀, òun nìkan. Iná ṣẹ́jú, ó dìde, ó lọ ṣílẹ̀kùn, aládùúgbò ló wà níta. Bàbá wò ó, ó wo iná náà, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí òun ti ilẹ̀kùn, kó tún un kàn. Ọmọ rẹ̀ ní gbogbo àlejò ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún báyìí.

Owó ilẹ̀ náà ló wá kù. Wọ́n ní káàdì ni àwọn ń gbà. Mo fi káàdì bánkì mi han fóònù, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí i, mo tún gbé e sún mọ́ ọn, kò mú un. Bá wa san ti ọdún àkọ́kọ́, ìyá mi, kí o sì fi owó dátà díẹ̀ sí i, àti ohun tí ìyá rẹ yóò fi ra bàtà. Kò ní kí n sọ, ṣùgbọ́n ó gbé ti àtijọ́ síbi tí mo ti lè rí i.

Ilẹ̀kùn tí o bá kàn, olóore á wà nínú ilé, á sì gbọ́. Ẹni tó bá gbé ire bọ̀ wá bá ọ kò ní bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ kó padà. Wàá dàgbà, wàá dàgbà ju orúnkún mi lọ.

Èmi ni bàbá rẹ.