Ìyàwó Mi Tó Ka Àwọn Ọmọ Tí Ìwé Ò Kà

Ìyàwó mi, ọdún márùn-ún pé lónìí tó o ti fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún! Mo ṣì máa ń rọra pa ilẹ̀kùn yàrá wa dé láàárọ̀ kí n má baà jí ọ. Ẹni tó bá gbọ́ á ní mo ti ń ṣarán. Kò kàn mí.

Kí n tètè ròyìn ilé, torí mo mọ̀ pé o ò ní sùúrù. Àkọ́bí wa ti di nọ́ọ̀sì. Òrùlé ẹ̀yìnkùlé tó ń jò, mo ti tún un ṣe, ìyẹn lẹ́yìn tó o ti fi ọdún mẹ́rin bẹ̀ mí. Má bínú. Ìwọ náà kúkú máa ń sọ ọ́ pé ilé káfíńtà ni àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń gbé.

Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó o fẹ́ gbọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ńkọ́?

Ṣé o rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀? Àbíkẹ́yìn wa obìnrin, tí kò sọ̀rọ̀ rí látìgbà tí a ti bí i, ni bọ́ọ̀sì ń gbé ní ìdájí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò ìtọ́jú pàtàkì ní ìlú kejì. Wákàtí kan ààbọ̀ ní àlọ, wákàtí kan ààbọ̀ ní àbọ̀. Kó tó délé, á ti bì sára, á ti sunkún títí ojú rẹ̀ á fi wú. Ìwọ tó ò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá ní ó tó gẹ́ẹ́. O ní àdúgbò wa gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀, ibi tí ọmọ lè fẹsẹ̀ rìn dé.

Ọ̀gá rẹ ní ọmọ méjìlélógún péré ló wà nínú ìwé, pé yàrá méjì ti tó. Háà! O délé lọ́jọ́ náà, o ò fọwọ́ kan oúnjẹ. O ní ìwé ò ka ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ sínú ilé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, o bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn kiri. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ lójú! Ta ló fẹ́ sọ fún òṣìṣẹ́ ìjọba pé òun ní ọmọ tí kì í jáde?

Ni o bá lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ òpópónà wa. O ò bi í pé ọmọ wo ni nǹkan ń ṣe. O kàn bi í pé ilé mélòó ló máa ń gbé ẹ̀rọ lọ láti gẹrun fún ọmọ tí kò lè fara da ariwo ṣọ́ọ̀bù. Ó ní mẹ́sàn-án ni. Orí rẹ pé, ìyàwó mi! Ó lọ gba àyè lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn, òun fúnra rẹ̀ ló sì mú ọ wọlé. Ìyá kan ń júwe ìyá mìíràn fún ọ. Kí ọdún tó parí, ọmọ mọ́kànlélógójì ti wà nínú ìwé rẹ. Ọ̀gá rẹ wò ó títí, ó sì sọ ètò náà di yàrá mẹ́rin.

Wọn ò tíì buwọ́ lù ú tó o fi lọ. Àìsàn ọjọ́ mẹ́sàn-án péré! Oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin ọ́, wọ́n dá a padà sí yàrá méjì. Wọ́n ní ẹni tó kà wọ́n ò sí mọ́ tó máa ṣàlàyé. Ìbínú gùn mí! Èmi tí n kì í lè la ẹnu sọ̀rọ̀ láàárín èèyàn márùn-ún, mo wọ ẹ̀wù tó o rà fún mi, mo lọ sí ìpàdé wọn. Onígbàjámọ̀ ti bá mi kó àwọn ìyá jọ. Nínú ìyá mọ́kàndínlógún tí ìwé wọn ò mọ̀, mẹ́tàdínlógún gbé ọmọ wá. Ọmọ tó ń pariwo wà níbẹ̀, èyí tó ń rẹ́rìn-ín wà, èyí tó sùn lọ fọnfọn náà wà. Mo ní, ẹ̀yin àgbà, ìyàwó mi ò sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, wọ́n buwọ́ lu yàrá mẹ́rin.

Ọ̀gá Tépù, bí mo ṣe máa ń pè ọ́, iṣẹ́ rẹ dúró! Ìwọ tó ò ń jí tépù mi gbé láti lọ wọn kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ tí kò lè rìn, kò sí ohun tó o fojú fò.

Èmi ni mo fojú fò ó. Wọ́n gbé iṣẹ́ ilẹ̀kùn fún mi, ìwọ̀n tó o kọ sílẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo wọn férémù, ó pé géérégé. Mo gbàgbé pé bí ilẹ̀kùn bá ṣí, òun náà ń gba àyè. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́! Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ wọlé, ó há gbọn-in. Ojú tì mí bí ọmọ iṣẹ́. Mo tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo tún wọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ò ń fi mí rẹ́rìn-ín níbikíbi tó o wà.

Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti ṣí ilé ẹ̀kọ́ náà, inú rẹ̀ kún. Àbíkẹ́yìn wa ti pé mẹ́tàlá. Ó ga jù ọ́ lọ! Wọ́n kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń fi ọwọ́ bú mi bó ṣe wù ú. Ìṣẹ́jú méje ló fi ń rìn délé. Mo máa ń tẹ̀ lé e tẹ́lẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, ó dúró sójú ọ̀nà, ó fi ọwọ́ sọ fún mi pé kí n padà, òun mọ̀nà.

A ò gbàgbé rẹ. A fẹ́ràn rẹ, èmi àti àwọn ọmọ rẹ, a ò sì ní yéé fẹ́ràn rẹ.

Bí agogo méjì ọ̀sán bá lù, mo máa ń gbé ayùn sílẹ̀, mo máa ń jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù. Àbíkẹ́yìn wa á yọ lókèèrè, aṣọ rẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ yá, òun nìkan. Inú mi á dùn. Lẹ́yìn náà, ojú mi á kọjá lára rẹ̀, á máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìwọ náà ń bọ̀. Ojoojúmọ́ ni, ìyàwó mi. Ojoojúmọ́ ni.