Mo Ti Ṣe Onídùúró Kìnnìún Yín

Abíkẹ́yìn mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń jẹun kánú? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àyà ìyá rẹ kò já mọ́ láti ìgbà tí mo ti gba àwòrán kìnnìún tí o fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti ń ṣiṣẹ́ padà, káfíńtà ló bá mi fi igi há a lẹ́sẹ̀. Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ, yóò máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ.

Àpòòwé rẹ dé lọ́jọ́ Ajé. Ìwé méjì ni mo bá nínú rẹ̀, fọ́ọ̀mù onídùúró àti ìwé tó ṣàlàyé ara kìnnìún láti orí dé ìrù, píìnì kan ló so méjèèjì pọ̀. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ránṣọ, mo sì mọ̀ pé ohun tí píìnì kan bá dì mú, aṣọ kan ni. Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé kìnnìún tí o fẹ́ máa tọ́jú nínú ọgbà ẹranko yẹn ni wọ́n ń wá onídùúró fún. Tísà tó ti fẹ̀yìntì ló bá mi kà á, ó ní rárá o, ìwọ ni. Mo ní, Tísà, ta ló ń bi bàbá pé ṣé ó mọ ọmọ tó bí? Ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi já bọ́. O ṣáà mọ Tísà, ẹ̀rín kì í jìnnà sí i.

Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe onídùúró fún ẹni tí n kò mọ̀. Ìwọ náà sì ní tí ìwé yìí kò bá padà dé kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì. Mo bá fara balẹ̀ wá ìwà kìnnìún nínú ìwé ara rẹ̀. Wọ́n ní ogún wákàtí ló lè fi sùn lójúmọ́. Ọ̀lẹ paraku! Ọkàn rẹ̀ kéré sí bó ṣe tóbi tó, bó bá sáré díẹ̀, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìfun rẹ̀ kúrú, ẹran nìkan ni inú rẹ̀ ń gbà. Ahọ́n rẹ̀ rí bíi sáńpépà káfíńtà, ó lè fi lá ẹran kúrò lára egungun. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti dìde, ó ní òun ń lọ wo ìkòkò lórí iná, bẹ́ẹ̀ kò sí ìkòkò kankan lórí iná. Ṣùgbọ́n ohun méjì mú kó wù mí díẹ̀. Ahọ́n yẹn kò mọ adùn rárá, bí o bá fi ṣúgà sí i lẹ́nu, bí omi lásán ni, áà, ó ṣe mí láàánú. Wọ́n tún ní bó bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ lọ, ńṣe ló máa ń kó èékánná rẹ̀ wọlé. Bí èmi náà ṣe ń kó abẹ́rẹ́ sínú páálí nìyẹn, kó má baà gún oníbàárà. Ẹni yẹn ní ẹ̀kọ́ ilé.

Mo bá kọ fọ́ọ̀mù náà fún kìnnìún. Wọ́n bèèrè pé ọdún mélòó ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo ní a ò tíì fojú kanra rí. Wọ́n ní ṣé ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí, mo ní inú irin ló wà báyìí, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀. Ìyá rẹ fajú ro, ó ní kí n kọ nípa tìrẹ náà. Ẹ̀yìn ìwé ni mo kọ ọ́ sí, pé ọmọ yìí, láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ ké la ti mọ̀ ọ́n, kò mú ohun olóhun rí, ilẹ̀kùn tó bá tì, ó tì pa ni, ajá tó ń lé gbogbo àdúgbò, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jẹun.

Tí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́, bẹ́líìtì ẹ̀rọ ti ń já, ìyá rẹ sì ń fẹ́ awò ojú. Tí kò bá sí, má torí wa yáwó o.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Mo yẹ fọ́ọ̀mù náà wò síwá sẹ́yìn. Mo rí ibi tí mo ti máa fọwọ́ sí i pé bí ó bá sá lọ, èmi ni kí wọ́n wá mú. N kò rí ibi tí kìnnìún ti máa fọwọ́ sí i pé òun kò ní ṣe ọmọ mi ní nǹkan kan. Mo ti fi rúlà fa ìlà kan fún un nísàlẹ̀. Fi tàdáwà pa á lẹ́sẹ̀ iwájú, kó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, kí ó sì kó èékánná wọlé kó tó tẹ̀ ẹ́.

Ọwọ́ méjì lo gbé kúrò nílé. Ọwọ́ méjì náà ni wàá fi dì mọ́ wa nígbà tí o bá dé, lágbára Ọlọ́run.

Bàbá rẹ, aránṣọ