Démiládé àti Ọ̀rọ̀-Ìṣe Gíríìkì Kan

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópó Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Ìpẹ̀rú-Rẹ́mọ,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        18 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Àbẹ̀bí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà n'Ílọrin? Orúnkún ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, ọkàn ni kò balẹ̀, ìwọ nìkan ni mo sì lè sọ ọ́ fún.

O rántí Démiládé, ọmọ olóògbé tó máa ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí mo kọ́ ní ABD. Ó ti jáde nílé-ẹ̀kọ́ àlùfáà báyìí, ó sì gbọ́ èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́bọ̀ níbí. Kò tíì lo oṣù mẹ́ta láàárín wa tí àwọn èèyàn fi ń kọjá lára mi lọ béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbẹ̀bí, mo jowú.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àlùfáà wa ní kí n sọ fún Démiládé pé òun ni yóò dá àwọn olùkọ́ Bíbélì gbogbo Rẹ́mọ lẹ́kọ̀ọ́ ní Ṣàgámù lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọdọọdún ni mo ti ń retí pé kí wọ́n fi iṣẹ́ yẹn lọ̀ mí. Mo dáhùn pé ó dáa, mi ò sì jíṣẹ́.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn ọmọ kíláàsì ní kó bá wọn ṣàlàyé ìwé Kọ́ríńtì Kìíní. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó: zeloo. Ó ní ọ̀rọ̀-ìṣe yìí kan náà ni Pọ́ọ̀lù lò níbi tó ti ní ká fi ìtara wá ẹ̀bùn tó ga, àti níbi tó ti sọ pé ìfẹ́ kì í ṣe ìlara. Ó ní bó ṣe rí ní orí kejìlá, ó lè jẹ́ àṣẹ, "ẹ máa lépa," ó sì lè jẹ́ ìròyìn, "ẹ ń lépa". Bákan náà ni wọ́n ń kọ méjèèjì.

Mo fẹ́ kó kọsẹ̀. Mo bi í pé, "Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ìtara yàtọ̀ sí ìlara?"

Ó rọra gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Mà, ẹ wo ohun tí wọ́n ń lé. Onítara ń lé ẹ̀bùn. Onílara ń lé ẹni tí wọ́n fi ẹ̀bùn fún."

Nínú èdè tiwa, lẹ́tà kan péré ló ya ìtara sọ́tọ̀ kúrò lára ìlara. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ níwèé, mi ò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé Démiládé. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo jíṣẹ́ náà, mo sì jẹ́wọ́ pé ńṣe ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í pamọ́.

Ó ní, "Mo ti gbọ́, mà. Àlùfáà pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n béèrè bóyá ẹ ti sọ fún mi. Mo ní ẹ ti sọ ọ́."

Ó ti mọ̀ kó tó dúró níwájú pátákó yẹn. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ọgbọ́n tirẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n pè mí bẹ́ẹ̀. Ó tún ní, "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ, mà. Ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ àgbàlagbà."

A jọ lọ sí Ṣàgámù. Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, mo ṣì jowú, ṣùgbọ́n mo pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu. Ìmọ̀ rẹ̀ ni mò ń jowú tẹ́lẹ̀, Àbẹ̀bí. Ní báyìí, sùúrù rẹ̀ ni mo fẹ́ ní, mi ò sì fẹ́ kó pàdánù rẹ̀.

Tìrẹ ni mo jẹ́, bó ti wù kí n burú tó,
Bánkẹ́