Orúkọ Tí Ẹ Ti Sọ fún Gbogbo Àdúgbò

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà.

Ara mi le. Ẹ̀gún tó há sí mi lọ́wọ́ ti jáde, àwọn tó kù kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ṣèwádìí káktọ́ọ̀sì, igi ẹlẹ́gùn-ún inú aṣálẹ̀. A ti mọwọ́ ara wa.

Ẹ béèrè nípa igi tuntun tí mo rí lórí àpáta, tí mo ní orúkọ yín ni n ó sọ ọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀gá mi, tí kò gun àpáta náà rí, ní orúkọ yín ti le jù lẹ́nu òun. Orúkọ ajá rẹ̀ tó kú ló fún un. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Èmi rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Lẹ́yìn náà ni mo sọ̀rọ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ìjà o.

Inú yín á dùn: lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé onígíláàsì tí a ń gbin àwọn káktọ́ọ̀sì sí lé mi lọ́wọ́. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ ibẹ̀. Ìwé ìwádìí kíkọ kò yọ mí lẹ́nu mọ́.

Mo fi bíró kọ orúkọ yín sí ìdí ìkòkò tí a gbin igi orí àpáta yẹn sí, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wò.

Ẹ bá mi kí àwọn àbúrò mi; ẹ ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ní ti ẹ̀yin, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì ni igi yẹn ń mumi, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ pé, "Màámi, ẹ káàárọ̀."