Apá Kìíní Wà Lọ́dọ̀ Wa

Bódìjà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Ọ̀wàrà, 1998.

Olúsọjí, àbúrò mi àtàtà,

Báwo ni Kàdúná? Báwo ni ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ? Mo lérò pé ikọ́ tó ń yọ èyí kékeré lẹ́nu ti lọ, àti pé oorun ti ń kùn yín dáadáa lóru. Àwa níbí kò ṣàìsàn. Akínbíyì ọkọ mi ní kí n kí ọ. Òjò ọdún yìí kò fẹ́ lọ, gbogbo aṣọ ló ń rùn nínú àpótí, ṣùgbọ́n a wà láàyè, a sì ń jẹun, a dúpẹ́.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní o ti ra ẹ̀rọ fídíò, o wá ń bi mí bóyá kí o máa ra fíìmù jọ sílé bí Bàbá wa ti ṣe, àbí kí o máa fowó yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni. O tún ní kí n fi kásẹ́ẹ̀tì tó kàn ọ́ nínú ogún ránṣẹ́ sí ọ. Bí mo ṣe ka ibẹ̀ yẹn ni èébì ń gbé mi. Kì í ṣe ìwọ ni mo ń bínú sí o. Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì yìí ló ń rí mi lára, èmi fúnra mi sì wà lára ohun tó ń rí mi lára. O kò sí nílé nígbà tí a pín in, ẹnikẹ́ni kò sì sọ bó ṣe lọ fún ọ. Ohun tó wà nílẹ̀ ti kọjá ti fíìmù. Bóyá a ṣì ní àbúrò ní Challenge ni ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀, nítorí náà wá ibì kan jókòó sí kí o fara balẹ̀ kà á.

O rántí bí Bàbá ṣe bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Dùgbẹ̀, tí wọ́n ń kó kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ nínú báàgì tí wọ́n fi ń gbé fáìlì lọ sí ọ́fíìsì tẹ́lẹ̀. Bí ènìyàn bá ní kí wọ́n máa yá a, wọ́n á fajú ro. Wọ́n á ní, "Èyí tí mo bá yá, mo ní láti dá a padà. Èyí tí mo bá rà, ẹ̀yin ni yóò kù fún." Nígbà tí àwọn fíìmù Yorùbá wá di alápá méjì, tí wọ́n ń ta Apá Kìíní lọ́tọ̀, tí wọ́n ń ta Apá Kejì lọ́tọ̀, Bàbá kan pákó méjì mọ́ ògiri pálọ̀. Wọ́n to gbogbo Apá Kìíní sí tọwọ́ òsì, wọ́n to gbogbo Apá Kejì sí tọwọ́ ọ̀tún. Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, àti ọmọ Ìyá Àgbà àti ọmọ Ìyá Kékeré, gbogbo wa pẹ̀lú àwọn ọmọ wa la ó kún ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pálọ̀ wo Apá Kìíní. Ó di Àìkú tó ń bọ̀ ká tó rí ìparí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gbáko, iyàn ni. Bọ́láwárìn ọmọ Ìyá Kékeré ló máa ń mọ ẹni tó máa kú.

Ìdí igi ni wọ́n fi pín ogún, o mọ ìyẹn: apá kan fún àwa tí Ìyá Àgbà bí, apá kan fún àwọn tí Ìyá Kékeré bí. Ilẹ̀ kò fa ìjà. Àga, ibùsùn, mọ́tò tí kò ṣíṣẹ́ mọ́, kò sí èyí tó fa ọ̀rọ̀. Ìgbà tó kan kásẹ́ẹ̀tì ni Bàbá Ọlánípẹ̀kun, àbúrò Bàbá tí wọ́n ti Iléṣà wá gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, dìde lọ wo pákó méjèèjì. O mọ̀ pé wọn kò ní tẹlifíṣọ̀n nílé, wọn kò sì fẹ́ ẹ. Wọ́n ka ti òsì, wọ́n ka ti ọ̀tún, iye wọn dọ́gba. Inú wọn dùn. Wọ́n ní, "Bàbá yín ti bá wa pín in kó tó lọ. Ìdí igi àgbà, ẹ mú ọ̀kan."

Olúsọjí, mo mọ̀. Mo dúró síbẹ̀, mo sì mọ̀ pé orí ni wọ́n fẹ́ gé fún ẹnì kan, ìrù fún ẹnì kejì. Bí mo bá sọ pé, "Bàbá, méjì méjì ni wọ́n ń rìn," ọ̀rọ̀ ti parí. N kò sọ ọ́. Mo nawọ́ sí pákó òsì, mo ní èyí la mú. Ohun tó wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ yẹn ń ríni lára láti kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́. Mo ní ẹ jẹ́ kí Ìyá Kékeré, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá Bàbá wà lọ́wọ́ wọn títí Bàbá fi kú, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá sí Bódìjà wá bẹ̀ mí kí wọ́n tó rí ìbẹ̀rẹ̀ ohunkóhun wò. Mo gbójú sókè, mo rí Bọ́láwárìn tó ń wò mí. Òun náà mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan báyìí, torí ó rò pé àwa la máa wá bẹ òun fún ìparí. Àwọn àgbà gbàdúrà, gbogbo wa ṣàmín.

Kò sí ẹni tó bẹ ẹnikẹ́ni. Páálí mẹ́rin ni mo tì sábẹ́ ibùsùn yàrá àlejò, ibẹ̀ ni wọ́n wà láti ọdún tó kọjá. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ògiri yẹn ń lami, aáyán sì kó wọ inú páálí. Wọ́n yé ẹyin sí ojú ihò kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n yàgbẹ́ sórí orúkọ tí Bàbá fi bírò pupa kọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Akínbíyì wọlé lọ́jọ́ kan, ó dimú, ó ní, "Fọláyọ̀, ṣé òkú la tẹ́ sí yàrá yìí ni?" Mo bá a jà nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, bẹ́ẹ̀ òótọ́ ló sọ. Aládùúgbò wa kan wá yá ọ̀kan, ó padà wá ní alẹ́ ọjọ́ náà pé kí n fún òun ní Apá Kejì. Mo ní kò sí. Ó wò mí bí ẹni tó gbé ẹ̀bà fún àlejò tí kò bọbẹ̀ sí i. Démiládé ọmọ mi náà kò jẹ́ kí n sinmi, ó ń bèèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó tí wọ́n lé jáde nínú ọ̀kan nínú wọn. Kí ni màá sọ fún un? Èmi náà kò mọ̀.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ yá a nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá tí obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Sàídátù ń tọ́jú. Má sì rò pé yíyá mọ́ ju rírà lọ. Ìdọ̀tí ni. Epo pupa wà lára èyí tí mo kọ́kọ́ mú wálé, ìka ẹni tó jẹ ẹ̀wà tí kò fọwọ́ hàn gbangba lára rẹ̀. Òmíràn, ibi tó dùn jù gan-an ni téèpù rẹ̀ ti fún, tí àwòrán ń gbọ̀n, tí ohùn wọn ń wúwo bí ẹni tó ń bọ́ sínú omi. Ẹni tó wò ó ṣáájú rẹ kò ní yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ìwọ lo máa yí i. Mo máa ń fi òwú àti sípírítì nu ara rẹ̀ kí n tó kì í sínú ẹ̀rọ, òwú á sì jáde dúdú. Síbẹ̀, ní Sátidé, mo tún ti lọ. Apá Kejì nìkan ni mo ń yá. Sàídátù á ní, "Mọ́mì, ẹ ò fẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" Mo ní ìbẹ̀rẹ̀ wà nílé.

Àárín ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ní Ọjà Bódìjà, lẹ́nu ẹni tí kò tan mọ́ wa rárá, pé Bọ́láwárìn fẹ́ gbéyàwó lóṣù Ọ̀pẹ́. Níwájú pẹpẹ alátà ni mo dúró sí tí mo ń gbọ́ ọ. Èmi àkọ́bí obìnrin Ikúbọlájẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Kékeré lọ sílé ìwòsàn lẹ́yìn ìbí rẹ̀, ọmọ ọdún méjìlá ni mí, ẹ̀yìn mi ni ọmọ yẹn sùn sí títí wọ́n fi dé. O rántí bó ṣe ń jowú bí mo bá gbé ọmọ ẹlòmíràn. Mo délé láìra ata tí mo torí rẹ̀ lọ. Mo ní wọ́n ti yọ wá kúrò.

Sátidé kan lẹ́yìn ìgbà náà, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù Sàídátù, Bọ́láwárìn wọlé. Ó ti rù. Iwájú orí Bàbá ló wà lórí rẹ̀. Oníbàárà méjì mìíràn jókòó síbẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, lórí símẹ́ǹtì, kò wo pé aṣọ funfun ló wà lọ́rùn òun. Sàídátù ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ ń dá mi lẹ́rìn-ín. Bùrọ̀dá yìí, Apá Kìíní nìkan ni wọ́n máa ń yá. Ẹ̀yin, Apá Kejì nìkan. Ṣé ẹ mọra yín ni?" Àwọn tó jókòó gbójú sókè. Ìtìjú mú mi, Olúsọjí. Mo ronú pé bí mo bá ní ọmọ bàbá mi ni, wọ́n á mọ gbogbo rẹ̀, wọ́n á mọ irú ènìyàn tí a jẹ́. Inú sì tún ń bí mi. Mo ní, "Rárá. N kò mọ̀ ọ́n."

Bọ́láwárìn kò tíì délẹ̀ tán. Ó dìde, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó sọ fún Sàídátù pé, "A jọ gbé àdúgbò kan náà rí ni." Ó jáde.

Mo san owó kásẹ́ẹ̀tì, mo mú un wálé, n kò wò ó. Ìtọ́ kíkorò wà lẹ́nu mi fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí mo lọ dá a padà, Sàídátù kò rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú, ó yẹ kí ẹ mọ̀. Bùrọ̀dá yẹn padà wá lọ́jọ́ kejì, ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ fún mi pé fíìmù kọ́ ni àwọn ń wá yá mọ́. Wọ́n rí orúkọ yín nínú ìwé mi. Sátidé mẹ́ta ni wọ́n ti wá dúró dè yín tí ẹ ò pàdé. Wọ́n ní nǹkan kan wà tí àwọn fẹ́ fi ọwọ́ ara àwọn fún yín, àwọn kò mọ̀ bóyá ẹ máa ṣílẹ̀kùn fún àwọn bí àwọn bá wá sílé." N kò lè dúró síbẹ̀. Mo kàn rí i pé mo ti wà ní títì, tí àwọn onítakísí ń pè mí.

Àná, lẹ́yìn ìsìn, mo ní kí Akínbíyì bá mi kó páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn takisí, mo lọ sí Challenge. Ìyá Kékeré ló ṣílẹ̀kùn. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan, wọ́n gbé omi wá, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n pe Bọ́láwárìn jáde. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ láti Bódìjà, gbogbo rẹ̀ fò lọ. Mo kàn ní, "Bọ́láwárìn, mo purọ́ níwájú àwọn èèyàn yẹn. Mo mọ̀ ọ́. Má bínú." Mo sọ ọ́ níwájú ìyá rẹ̀. O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n kì í bẹ àbúrò bẹ́ẹ̀ nílé wa, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́.

Bọ́láwárìn dìde. Ó wọ yàrá, ó mú àpòòwé kan jáde, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi bí mo ṣe kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọdé. Káàdì ìgbéyàwó rẹ̀ ni. Lábẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀, orúkọ mi ló kọ́kọ́ wà nínú àwọn tó ń pe èèyàn, tìrẹ ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà. Bọ́láwárìn wo ilẹ̀. Kò sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí n sùn lánàá. Ó ní, "Àǹtí mi, mo ti tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó ní ẹ ò mọ̀ mí."

Mo ki káàdì náà sínú báàgì mi, mo ní kó gbé páálí tiwọn náà jáde.

Kí Ọlọ́run tó kó gbogbo wa jọ sábẹ́ òrùlé Bàbá má ṣe jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa tú u ká. Kí ara ìyàwó rẹ le, kí àwọn ọmọ rẹ mọ ara wọn, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má ṣe rí ojú ẹnì kejì kó sì sẹ́ ẹ. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ,

Fọláyọ̀.

Mo gbàgbé láti dá ọ lóhùn. Máa yá a. Bó ti wù kó dọ̀tí tó, dá a padà lọ́jọ́ kejì, kí ó má bá ọ gbélé. Ti kásẹ́ẹ̀tì tó kàn ọ́, a ṣí páálí wa àti tiwọn ní Challenge, gbogbo rẹ̀ ló ti bu, ti àwa funfun, ti àwọn dúdú, ẹ̀rọ kankan kò lè gbà á. A jọ sun ún lẹ́yìn kíṣìnì, òórùn rẹ̀ kò tíì kúrò nínú irun mi. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Tètè wá, kí o má sì sọ fún mi pé wọn kò fún ọ láyè níbi iṣẹ́.