Ìgbéga Mi Lẹ́nu Iṣẹ́ Ẹja

Màmá mi,

Ara mi le, afẹ́fẹ́ erékùṣù yìí sì dára. Àná ló gbé ilẹ̀kùn wa lọ.

Ẹ bá mi yọ̀. Ọjọ́ kan péré lójú òkun, wọ́n ti gbé mi ga lẹ́nu iṣẹ́. Aslaug tó ni ọkọ̀ ní, "Sjur, òkun ò ṣe ẹ́ ní nǹkan kan, ìwọ lò ń bì sí i lára! Dúró sórí ilẹ̀, máa fi ẹja kọ́ sórí igi kó gbẹ."

Èmi àti ìyá àgbà méjì la jọ ń ṣe é. Wọ́n yára jù mí lọ, ṣùgbọ́n èmi ni mo ga jù.

Ẹ bá mi kí bàbá. Tí wọ́n bá tún ní n kò lè ṣe apẹja, ẹ ní ọwọ́ mi ni gbogbo ẹja ń gbà kọjá. Ẹ má dúró gbọ́ ìbéèrè kejì.

Sjur