Bátìrì Mẹ́ta àti Kákúlétọ̀ Ìyá Mùjídàt

Bómo, Zaria

Mùjídàt ọmọ mi,

Mo kí ẹ o, mo kí ẹ kú iṣẹ́, mo kí ẹ kú wàhálà Àbújá. Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí ọ̀gbẹlẹ̀ pa àgbàdo wa kò ní jẹ́ kí nǹkan rẹ gbẹ. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń bá mi jà. Ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, ọ̀kan lágídí bíi tìrẹ. Mi ò pè ẹ́ lórí fóònù torí o máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu.

O mọ̀ pé Sànní tó múlé tì wá ní ògiri wa ti wọ ilẹ̀ òun, mo ní irọ́ ni, mai unguwa, olórí àdúgbò wa, sì ní kí n wá gbé Kùránì búra lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Mo ti ṣe tán. Ìwọ lo ní kí n dúró ná, pé màmá rẹ tó fi ọgbọ̀n ọdún wọnlẹ̀ fún ìjọba ti wọn tiwa náà kó tó kú, nọ́ńbà ààlà wa sì wà nínú kákúlétọ̀ rẹ̀. Ojú kákúlétọ̀ ọ̀hún ti fọ́, a ò lè kà á, àfi kó sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà.

Àpótí kékeré tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe, tó máa gbọ́rọ̀ lẹ́nu kákúlétọ̀ kó tó sọ ọ́ fún kọ̀ǹpútà, ti dé láìfọ́. O kọ ọ́ pé iná tí ojú kì í rí ni kákúlétọ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Haba, Mùjí! Èyí tí a ń rí gan-an kì í dúró ní Bómo, èyí tí a ò rí, bí wọ́n bá mú un lọ, báwo ni n ó ṣe mọ̀? O tún ní ọ̀rọ̀ nìkan ni wáyà kọ̀ǹpútà yẹn ń gbé, kò lè bọ́ àpótí, bátìrì mẹ́ta ni kó máa jẹ. O wá rán àlejò sí mi láìfi oúnjẹ tì í!

Mo yọ bátìrì rédíò mi. Wọ́n ti rọ, mo bá sá wọn sóòrùn lórí páànù bí a ti máa ń ṣe, wọ́n sì jí díẹ̀. Kí wọ́n má baà tún kú, mo kó kákúlétọ̀ àti kọ̀ǹpútà tọ̀ wọ́n lọ sójú oòrùn, mo fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ dì wọ́n mọ́ àpótí. Òótọ́ ni o kọ ọ́ pé kí n má ṣe é nínú oòrùn, ṣùgbọ́n mo rò pé orí mi lò ń ṣàánú, mo bá dé fìlà. Wúruwùru ni kọ̀ǹpútà ń kọ. Mo bú u títí, pàbó.

Ìgbà tí mo tún ìwé rẹ kà ni mo rí i pé oòrùn náà ní irú iná yẹn, tirẹ̀ pọ̀ débi pé àpótí ò gbọ́ ti kákúlétọ̀. Mo kó wọn wọ yàrá màmá rẹ, mo fi hìjáàbù rẹ̀ bo gbogbo wọn. Òórùn ara rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, Mùjí. Ó pẹ́ kí n tó lè tẹ bọ́tìnnì tí o júwe. Nọ́ńbà wá ń jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìkánjú, bí òun gan-an ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Mo mú téèpù rẹ̀, mo wọn ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ògiri wa fi mítà kan ààbọ̀ kọjá ààlà. Sànní ò purọ́. Èmi ni mo mọ ògiri yẹn nígbà tí màmá rẹ rìnrìn àjò iṣẹ́. Nígbà tó dé, ó ní, Bàbá Mùjí, ògiri yìí ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀. Mo ní kí ló mọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ilẹ̀ wíwọ̀n niṣẹ́ rẹ̀! Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ó fi kú. Mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, àbí mo fẹ́ gbàgbé rẹ̀. Ǹ bá sì ti gbé Kùránì búra èké, wallahi!

Mi ò dúró de Jímọ́ọ̀. Mo lọ bẹ Sànní, a sì ti ń wó ògiri náà láti àná, nítorí náà má pè mí láti jà. Fi owó igba búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì àpò mẹ́wàá ránṣẹ́, kí o fi ti bátìrì mẹ́ta kún un, àpótí rẹ ti jẹ tèmi tán.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Á fún ẹ ní ọkọ rere, èyí tí yóò gbà fún ẹ nígbà tí o bá sọ pé ògiri rẹ̀ ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀, tí yóò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, tí kò ní dúró gbọ́ ọ lẹ́nu kákúlétọ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébánjọ